Ṣéhù Usman dan Fodio: Ọkùnrin Tí Ó Kọ Wúrà Nítorí Iṣẹ́ Tí Ó Fẹ́ràn

 

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, lẹ́yìn ìrun àsárì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ̀lé mi láti mọ́ṣáláṣí wa ní Mushin títí dé ẹnu ọ̀nà ilé mi. Olùkọ́ ilé-kéwú ni. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí ó ti wà lọ́mọdé tí wàláà ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù ú lọ. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan ní Àpápá fẹ́ gba òun sí iṣẹ́ akọ̀wé níbi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí, àti pé owó oṣù tí wọ́n fẹ́ máa san fún òun jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta èyí tí òun ń rí nílé-kéwú. Ìyàwó rẹ̀ ti bí èkejì. Onílé ti fi kún owó ilé. Síbẹ̀, kò sí ohun tí ó dùn mọ́ ọn láyé bí kí ó jókòó síwájú àwọn ọmọ kéwú, kí ó máa gbọ́ bí wọ́n ti ń ka súrà lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni pé ẹnu kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ó bi mí pé kí ni kí òun ṣe.

N kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Mo ní kí ó padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà kan èmi pàápàá, bí ẹ ó ti rí i níwájú. Nígbà tí mo wọlé tí mo jókòó, ẹni tí ó wá sí mi lọ́kàn ni Ṣéhù Usman dan Fodio. Ìtàn rẹ̀ ni mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà nígbà tí ó padà wá, òun náà ni mo sì fẹ́ sọ fún yín lónìí.

Mo mọ̀ pé bí a bá dárúkọ Ṣéhù létí ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ogun àti ọ̀rọ̀ Ìlọrin ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni ìyẹn, ó sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ohun tí mo ń wá nínú ìtàn náà lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: bí ọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ ti ṣe lọ́jọ́ tí owó ńlá dé.

Ọdún 1754 ni wọ́n bí Usman ní Maratta, ní ilẹ̀ Gobir, èyí tí ààlà Nàìjíríà àti Niger là sí méjì lónìí. Muhammad ni orúkọ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Fodio ni àwọn ènìyàn ń pè é. Ní èdè Fúlàní, ẹni tí ó kàwé jinlẹ̀ ni Fodio túmọ̀ sí. Láti Futa Toro, ní apá ibi tí Senegal wà lónìí, ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá ní ọ̀pọ̀ ìran ṣáájú, iṣẹ́ kéwú ni wọ́n sì mọ̀ mọ́ wọn. Usman ṣì kéré nígbà tí wọ́n kó lọ sí ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Degel, níbẹ̀ ni ó sì dàgbà sí. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní Alùkùráánì. Ìyá rẹ̀, Hauwa, àti ìyá rẹ̀ àgbà, Ruqayya, náà jẹ́ obìnrin tí ó kàwé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé kéwú kò kan ọmọbìnrin.

Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀dọ̀ àfáà kan lọ sí ọ̀dọ̀ àfáà mìíràn, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà. Ẹni tí ó bá mọ ìwé kan dájú ni wọn yóò lọ bá, wọn yóò kà á tán lọ́dọ̀ rẹ̀, olùkọ́ yóò yọ̀ǹda fún wọn láti máa fi kọ́ ẹlòmíràn, wọn yóò sì dìde lọ bá ẹni tí ó mọ òmíràn. Báyìí ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ Ṣéhù Jibril ibn Umar ní Agades, létí aṣálẹ̀, tí ó sì lo nǹkan bí ọdún kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Jibril ń lọ sí Mẹ́kà, Usman ìbá sì bá a lọ, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò tíì yọ̀ǹda, nítorí náà ó padà sílé. Kò rí hájì ṣe títí ó fi kú. Ó gba ti bàbá rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1774, nígbà tí ó di ẹni ogún ọdún, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí ẹ lè mọ ohun tí wúrà ọba fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ó ń kọ́ àwọn tí ó fẹ́ jinlẹ̀ nínú ìmọ̀. Ní alẹ́ tí ó mọ́jú Jímọ̀, ó ń jáde sí gbangba láti ṣe wàásí fún tẹrú-tọmọ, fún darandaran àti àgbẹ̀. Kò fi èdè Lárúbáwá pa àwọn tí kò gbọ́ ọ lójú dé. Ó ń kọ orin ìkìlọ̀ ní èdè Fúlàní àti ní èdè Hausa kí wọ́n lè gbé e lọ sílé lẹ́nu. Ó rìn dé ilẹ̀ Kebbi, ó sì lo nǹkan bí ọdún márùn-ún ní ilẹ̀ Zamfara. Ó ń kọ́ àwọn obìnrin pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn àfáà kan bá a wí nítorí èyí, ó dá wọn lóhùn nínú ìwé rẹ̀ pé àìmọ̀kan tí wọ́n fi ìyàwó àti ọmọ wọn obìnrin sí burú ju ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù lọ.

Owó oṣù ńkọ́? Kò sí. Ohun tí wọ́n fi ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ fún wa ni pé okùn ni ó ń lọ́. Bí ó bá ti kọ́ni tán, yóò jókòó, yóò máa lọ́ okùn tí ènìyàn yóò fi so ẹran tàbí tí wọn yóò fi fa omi, owó okùn náà sì ni ìdílé rẹ̀ ń jẹ. Ẹ má ṣe gbàgbé okùn yìí. Mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ní ìgbà náà, àwọn ọba ilẹ̀ Hausa a máa kó àfáà yí ara wọn ká. Àfáà ọba ń jẹ, ó ń mu, ó ń wọ aṣọ àrán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó ṣe àdúà kí ọba ṣẹ́gun, kí ó kọ tírà, kí ó sì máa rí ọ̀nà nínú ìwé tí yóò fi ti ohun tí ọba bá ti fẹ́ ṣe lẹ́yìn. Bí ọba bá gba ẹran lọ́wọ́ tálákà láìtọ́, àfáà ọba kò ní rí i. Ẹnu jẹ, ojú tì.

Ọba tí ó wà lórí oyè ní Gobir ni Bawa. Òkìkí Usman ti kàn dé ààfin rẹ̀ ní Alkalawa. Àwọn tí ń tẹ̀lé ọ̀dọ́ àfáà náà ti pọ̀ débi pé ọba kò lè ṣe bí ẹni tí kò rí wọn mọ́. Nígbà tí ó di ọdún Iléyá kan, ní 1788 tàbí 1789, Bawa pe àwọn àfáà ilẹ̀ rẹ̀ jọ sí Magami, ó sì fẹ́ ta wọ́n lọ́rẹ. Èyí tí ó yà sọ́tọ̀ fún Usman àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jẹ́ 500 mítíkálì wúrà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta góòlù, ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Mítíkálì kan fi díẹ̀ lé ní gíráàmù 4. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rẹ̀ lé ní kìlò 2. Ẹ wá gbé kìlò méjì wúrà síwájú ọkùnrin tí ń lọ́ okùn jẹun. Owó tí ó tó ra màlúù rẹpẹtẹ ni. Owó tí ó lè kọ́ ilé-kéwú tí òrùlé rẹ̀ kò ní jò ni pẹ̀lú. Ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò wà, nítorí kò sí ẹni tí yóò rí owó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò ní sọ fún un pé iṣẹ́ Ọlọ́hun ni òun yóò fi ṣe.

Usman kọ̀ ọ́. Ó sọ fún ọba pé òun àti jámáà òun kò wá wúrà wá, ṣùgbọ́n bí ọba bá fẹ́ ṣe wọ́n lóore, ohun márùn-ún ni òun ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ó jẹ́ kí òun máa pe ènìyàn sí ọ̀nà Ọlọ́hun ní ilẹ̀ rẹ̀. Kí ó má ṣe dí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ jẹ́ ìpè náà lọ́wọ́. Kí ẹni tí ó bá wé láwàní gba ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí i. Kí ó dá àwọn tí ó wà ní ẹ̀wọ̀n sílẹ̀. Kí ó má sì di owó-orí tí ó wúwo lé mẹ̀kúnnù lórí. Bawa gbà fún un.

Ẹ wo ohun tí ó ṣe. Kò bínú sí ọba. Kò bú u níwájú àwùjọ. Kò sì ṣe bí ẹni tí kò nílò ohunkóhun. Ó mọ iye tí ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó, ó sì bèèrè fún èyí tí yóò jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ máa lọ. Nínú ohun márùn-ún tí ó bèèrè, kò sí ọ̀kan tí ó wọ àpò rẹ̀. Bí ó bá gba wúrà ni, ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti ti owó-orí kì bá tí ti ẹnu rẹ̀ jáde. Èrò tèmi ni pé ó rí i pé wúrà náà kò ní jẹ́ kí òun máa ṣe iṣẹ́ òun lọ pẹ̀lú owó púpọ̀. Yóò sọ ọ́ di iṣẹ́ mìíràn tí ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé lẹ́yìn èyí ni ayé dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Bawa kú kò pẹ́ sí ìgbà náà. Ọba Nafata tí ó jẹ níkẹyìn pàṣẹ pé kò sí ẹlòmíràn tí ó gbọ́dọ̀ ṣe wàásí àyàfi Usman nìkan, pé ẹni tí kò bá jogún Islam lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí ẹ̀sìn bàbá rẹ̀, pé ọkùnrin kò gbọdọ̀ wé láwàní, obìnrin kò sì gbọdọ̀ fi ìborùn bo orí. Yunfa gorí oyè ní nǹkan bí ọdún 1802, ìyọnu sì le sí i. Ní oṣù kejì ọdún 1804, Ṣéhù àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣí kúrò ní Degel lọ sí Gudu. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi í ṣe olórí, ogun sì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣẹ́gun ní Tabkin Kwatto ní oṣù kẹfà ọdún náà, ṣùgbọ́n ní Tsuntsua, kí ọdún tó parí, nǹkan bí 2,000 nínú wọn ni wọ́n pa, a sì gbọ́ pé 200 nínú àwọn òkú náà ni ó há Alùkùráánì sórí. Olùkọ́ wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní sọkún? Ọdún 1808 ni Alkalawa, ìlú ọba, tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́.

Nígbà náà ni ìdánwò kejì dé, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kìlò méjì wúrà ni Bawa fi lọ̀ ọ́ níjọ́sí. Ní ìsinsìnyí, ilẹ̀ Hausa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tirẹ̀ pátá. Ní ọdún 1812, ó pín àkóso ilẹ̀ náà sí méjì. Ó fi apá ìwọ̀-oòrùn sí ọwọ́ àbúrò rẹ̀, Abdullahi, ó fi apá ìlà-oòrùn sí ọwọ́ ọmọ rẹ̀, Muhammad Bello, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó ní Sifawa, ó ń kọ́ ènìyàn, ó ń kọ ìwé. Ìwé tí ó kọ láyé rẹ̀ lé ní 100. Ní ọdún 1815 ó kó lọ sí Sokoto, ìlú tí Bello tẹ̀dó, níbẹ̀ ni ó sì ti jáde láyé ní oṣù kẹrin ọdún 1817. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Nana Asma'u, gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí tí òun náà fi kú ní 1864 ni ó ń kọ́ àwọn obìnrin, tí ó sì ń rán àwọn tí ó kọ́ lọ sí abúlé láti kọ́ ẹlòmíràn. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Báyìí ni mo sọ ọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí tẹ̀ríntẹ̀rín pé ṣé Ṣéhù san owó ilé rí.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo wá sọ ìtàn ara mi fún un. Mo jẹ́ ẹni ọdún 27, mo ní ọmọ kéwú 40 ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan ní Mushin, nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan pè mí nítorí ìwé gírámà díẹ̀ tí mo kà. Mo lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. N kò ní purọ́: owó náà ṣe mí lóore. Òun ni mo fi tọ́jú ìyá mi nígbà tí àìsàn gbé e dé ilé ìwòsàn. Àwọn ọ̀gá mi níbẹ̀ kò sì ṣe mí níkà. Ohun tí mo ṣe tí kò dára ni pé n kò fi ẹnikẹ́ni sí ipò mi kí n tó lọ. Nígbà tí mo padà, ọmọ mẹ́fà péré ni mo bá nílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó túká ti há ìdajì Alùkùráánì sórí kí n tó kúrò. Mo pàdé rẹ̀ ní Ojúwòyè, ó ń pe èrò sínú ọkọ̀, ó sì sọ fún mi pé àwọn súrà kéékèèké nìkan ni ó kù lórí òun. Kò dá mi lẹ́bi. Ó tilẹ̀ kọ̀ láti gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ni ó dùn mí jù.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ní kí ó bi ara rẹ̀, ohun mẹ́ta yìí náà ni mo sì fi ń lọ ẹnikẹ́ni nínú yín tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá dé bá, ìbáà ṣe télọ̀ ní Yábàá tàbí nọ́ọ̀sì ní Sùúrùlérè.

Èkínní, kí ni owó tuntun náà yóò dè lọ́wọ́ rẹ? Owó wà tí ó jẹ́ pé agbára rẹ nìkan ni ó ń rà, èyí kò burú. Òmíràn wà tí ẹnu rẹ àti ìrun rẹ ni ó ń rà. Wúrà Bawa jẹ́ irú èkejì yìí. Islam kò kórìíra ọrọ̀. Abdurahman ọmọ Awf kọ ìdajì ọrọ̀ tí ará Mọ̀dínà kan fẹ́ pín fún un, ó ní kí wọ́n fi ọ̀nà ọjà han òun, òwò rẹ̀ sì di ńlá. Ìmáàmù Abu Hanifa ń ta aṣọ sẹ́dà ní Kufa, owó aṣọ ni ó jẹ́ kí ó lè kọ iṣẹ́ kádì tí àwọn aláṣẹ fi lọ̀ ọ́, bí wọ́n tilẹ̀ nà án tí wọ́n sì tì í mọ́lé nítorí rẹ̀.

Èkejì, ta ni ebi ń pa? Ọ̀ranyàn ni bíbọ́ ìyàwó àti ọmọ. Ọkùnrin tí ó fi iṣẹ́ tí ó fẹ́ràn ṣe àwáwí, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn lébi, kì í ṣe Ṣéhù ni ó fi jọ. Ṣéhù lọ́ okùn. Bí okùn bá wà tí o lè lọ́ mọ́ iṣẹ́ rẹ, kọ́kọ́ lọ́ ọ kí o tó sọ pé kò sí ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta, ta ni yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ? Ṣéhù fi àkóso sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí ó fà á lé lọ́wọ́. Èmi kúrò, n kò ní ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú lílọ, ṣùgbọ́n má ṣe lọ bí olè.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù, ẹ̀yin jámáà ni ó kàn, ẹ má ṣe bínú sí mi. Ṣéhù lè kọ wúrà nítorí pé okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí onílé tí ń kanlẹ̀kùn rẹ̀ ní ìparí ọdún. Mọ́ṣáláṣí tí ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ó fi òkúta dídán tẹ́ ilẹ̀, tí ó wá ń san owó tí kò tó ra àpò ìrẹsì kan fún olùkọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ìtàn Ṣéhù bá olùkọ́ náà wí. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣòwò Ojúwòyè, Tẹ́júoṣó àti Oyíǹgbò, bí ẹ bá ń ṣe wòlímọ̀, ẹ ń pa màlúù, ẹ ń dá aṣọ ẹbí. Ẹni tí ó kọ́ ọmọ náà láti álífù títí ó fi parí, kí ni ẹ fún un bí kò ṣe ìṣù ẹran àti owó ọkọ̀? Àwa ni a ń lé wọn lọ sí Àpápá, tí a sì ń sọ pé ayé ló fà wọ́n.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò tíì pinnu. Ó ti bẹ ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n fún òun ní àyè títí di ìparí oṣù. Èmi náà ti gbé ọ̀rọ̀ owó oṣù rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí wa, wọ́n sì ní àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá fi kún un débi tí ó lè gbé e, mo mọ̀ pé yóò dúró. Bí wọn kò bá fi kún un, tí ó sì lọ lẹ́yìn tí ó ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀, n kò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọ̀dàlẹ̀ lójú mi.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní hàláàlì tí yóò tó wa, kí ó má ṣe fi owó gba iṣẹ́ rere lọ́wọ́ wa, kí ó sì má ṣe fi ìṣẹ́ lé àwọn olùkọ́ wa kúrò nídìí wàláà. Àmín.